Ìbọn gígùn ayé àtijọ́ ti Amẹ́ríkà: báwo lẹ ṣe ń mọ àdúgbò tí wọ́n ti ṣe é?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ (Baltimore)

Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìmọ̀ràn yín. Mo ra ìbọn gígùn kan níbi gbàǹjo ẹrù olóògbé kan, ara àwọn tí wọ́n máa ń pè ní Kentucky rifle. Ẹni tó tà á fún mi ní Lancaster ní Pennsylvania ni wọ́n ti ṣe é torí pé àpótí idẹ kékeré tó wà lára ìdí ẹ̀ ní orí bí òdòdó. Irin ẹ̀, ìyẹn ọ̀pá tí ọta ń gbà jáde, olójú mẹ́jọ ni, ó gùn tó íǹṣì 42, igi maple tó ní ìlà-ìlà ni wọ́n fi ṣe é, igi yẹn sì lọ títí dé ẹnu ìbọn. Lára lọ́ọ̀kù, ìyẹn irin ẹ̀gbẹ́ tó ń dáná sí ẹtù, wọ́n kọ Ketland síbẹ̀. Káàpù, ìyẹn fìlà irin kékeré tí òòlù ń lù kó lè dáná, ló ń lò báyìí, kì í ṣe òkúta tó ń ṣáná bíi ti àtijọ́. Ṣé Ketland yìí ló ṣe é ni? Ṣé Lancaster ni lóòótọ́? Mi ò fẹ́ tà á o, mo kàn fẹ́ mọ ibi tó ti wá àti irú ọwọ́ tó gbẹ́ ẹ.

Ọmọ Ọdẹ (Knoxville)

Ẹ kú oríire ẹ̀gbọ́n. Ká tó máa sọ̀rọ̀ àdúgbò, ṣé ẹ ti yẹ inú ẹ̀ wò bóyá ẹtù ṣì wà níbẹ̀? Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín o, ọ̀pọ̀ ìbọn báyìí ni wọ́n ti kì láti ọdúnkọ́dún tí wọ́n sì gbé kọ́ ògiri bẹ́ẹ̀. Ẹ wá igi tín-ínrín tó gùn dáadáa, ẹ tì í wọ ẹnu ìbọn títí tí kò fi lè lọ mọ́, ẹ fi bírò sàmì sí ibi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba, kí ẹ wá fà á jáde kí ẹ tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ irin níta. Tí orí igi bá dúró kó tó dé ibi ihò tí iná ń gbà wọlé, a jẹ́ pé nǹkan wà nínú ẹ̀ nìyẹn. Ẹ má fi irin gún un, ẹ má gbé e súnmọ́ iná, ẹ má fi káàpù kankan sí i láti dán an wò. Ẹ gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ ìbọn tó mọ̀ nípa ẹtù dúdú kó bá yín yọ ọ́.

Gbẹ́nàgbẹ́nà (Lancaster)

Ọ̀rọ̀ gidi ni Ọmọ Ọdẹ sọ yẹn, ẹ ṣe é kíá.

Ní ti Ketland, orúkọ tó wà lára lọ́ọ̀kù kì í sábà jẹ́ orúkọ ẹni tó ṣe ìbọn, ohun tó ń ṣi èèyàn lọ́nà jù nìyẹn. Birmingham nílùú òyìnbó ni ilé iṣẹ́ Ketland wà, wọ́n á kó lọ́ọ̀kù wọn wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Philadelphia, àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn ibí á rà á lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, wọ́n á sì fi sára igi tí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbẹ́. Birmingham yẹn náà ló ń kó ìbọn lọ sí etíkun tiwa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ọ̀pọ̀ ṣakabùlà tó dé ọwọ́ àwọn ọdẹ wa ibẹ̀ ló ti wá. Goulcher tí ẹ máa rí lára àwọn tó ń lo káàpù, orúkọ oníṣẹ́ lọ́ọ̀kù lòun náà.

Orúkọ ẹni tó ṣe ìbọn gan-an, tó bá kọ ọ́, lára irin ló máa wà, lójú tó kọjú sókè, láàárín ibi tí wọ́n fi ń fojú sun nǹkan lẹ́yìn àti ìdí irin. Nígbà míì lẹ́tà méjì péré ni. Nígbà míì fàdákà pẹlẹbẹ kékeré ni wọ́n tẹ̀ mọ́ irin tí wọ́n wá fín orúkọ sí i. Ẹ pa iná yàrá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì kó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lójú irin, ẹ máa rí ohun tí ojú lásán kò rí. Àmọ́ ọ̀pọ̀ kò kọ orúkọ rárá, torí ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ aládùúgbò ẹ̀ ni, ó mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá gbé ìbọn náà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri funfun, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, ẹ gbójú kúrò lára gbogbo idẹ, igi nìkan ni kí ẹ wò. Bí àwọn àgbà wa ṣe máa ń wo ilà ojú èèyàn kí wọ́n tó béèrè orúkọ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ìlà tí igi yẹn tọ̀, láti ọrùn tí ọwọ́ ń dì mú títí dé ìdí tó ń wọ èjìká, òun ló ń sọ ìlú. Ọmọ iṣẹ́ á lo ọdún púpọ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá, àwòrán igi tí ọ̀gá ń lò ni yóò máa tẹ̀ lé títí ayé ẹ̀. Idẹ ńkọ́? Ẹnikẹ́ni lè rí àpótí idẹ tó wù ú kó ṣe irú ẹ̀. Igi ni kí ẹ kọ́kọ́ gbàgbọ́.

Ti Lancaster tó jẹ́ àdúgbò mi báyìí, ìlà òkè ìdí ìbọn lọ tààrà, ìlà ìsàlẹ̀ náà lọ tààrà, àwọn méjèèjì ń jìnnà síra wọn bí wọ́n ṣe ń lọ sẹ́yìn, tí ẹ bá wò ó látẹ̀gbẹ́ ẹ máa rí i pé onígun mẹ́ta ni. Jacob Dickert lẹni tí orúkọ ẹ̀ gbajúmọ̀ jù ńbẹ̀, Jámánì ni wọ́n ti bí i ní 1740, ọmọdé ló ṣì wà tí wọ́n kó wá síbí ní 1748, Lancaster ló ti ṣiṣẹ́ títí tó fi kú ní 1822. Òdòdó daisy lórí patchbox, ìyẹn àpótí idẹ ìdí ìbọn yẹn, iṣẹ́ Lancaster ni lóòótọ́, ẹni tó tà á fún yín kò parọ́ níbẹ̀ yẹn, àmọ́ kò tó láti fi dájọ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ (Baltimore)

Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀yin àgbà. Mo ti ki igi bọ̀ ọ́, ó lọ títí dé ìdí, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀, ọpẹ́ ni f'Ólúwa. Mo tún gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ìlà òkè ìdí ẹ̀ kò lọ tààrà o, ó tẹ̀ wá sókè díẹ̀ kó tó wálẹ̀ sẹ́yìn, ìsàlẹ̀ náà sì tẹ̀. Ibo ni wọ́n ti ń gbẹ́ irú èyí?

Adéṣínà (Bethlehem, PA)

Haa, àdúgbò tiwa nìyẹn ń bọ̀ yẹn o! Ìdí ìbọn tí òkè ẹ̀ tẹ̀ báyẹn, èyí tí àwọn tó ń kó ìbọn jọ ń pè ní Roman nose, ẹ máa rí i ní Berks County lápá Reading, ẹ sì máa rí i ní Lehigh County lápá Allentown, Pennsylvania níbí náà ni méjèèjì. Ti Lehigh tún máa ń tẹ́ẹ́rẹ́, ìsàlẹ̀ ẹ̀ náà á tẹ̀, tí ẹ bá gbé e dání ẹ máa mọ̀ pé ẹni tó gbẹ́ ẹ mọ ohun tó ń ṣe. Patchbox tiwọn kì í sábà ní àrà púpọ̀, idẹ ẹ̀yà méjì tí orí ẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí ọfà ni, kì í ṣe òdòdó, ìyẹn ló ń ṣe mí ní kàyéfì nínú tiyín.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ yí ìbọn yẹn padà kí ẹ wo abẹ́ ẹ̀. Láàárín irin tó yí tírígà ká àti ibi tí ọ̀pá ìkìbọn ti wọ inú igi lọ, ṣé wọ́n fín nǹkan síbẹ̀? Ojú èèyàn? Orí kan tí wọ́n kàn fi ìlà ṣe?

Kí n tó gbàgbé, ìyàtọ̀ wà láàárín Lehigh àti ti àwọn Moravian tó jẹ́ aládùúgbò wọn. Àwọn ará ìjọ Moravian ní ilé ìṣẹ́ ìbọn ní Christian's Spring nítòsí Nazareth, Andreas Albrecht ló jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀, Christian Oerter wá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ìbọn tiwọn ti pẹ́ jù ti Lehigh lọ, ìdí ẹ̀ nípọn, ọrùn ẹ̀ máa ń dá bí àtẹ̀gùn kan níbi tó ti bá ìdí pàdé. Oerter máa ń kọ orúkọ ẹ̀ àti ọdún sí i, ìyẹn ló jẹ́ kí iṣẹ́ ẹ̀ ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ torí àwọn tó kọ ọdún sára iṣẹ́ wọn kò pọ̀. Ọ̀kan lára wọn tó ṣe ní 1775, wọ́n jí i lọ ní Valley Forge ní 1971, 2018 ni wọ́n tó rí i, wọ́n sì ti fi hàn aráyé padà ní Museum of the American Revolution ní Philadelphia. Tí ẹ bá dé Philadelphia ẹ lọ wo ibẹ̀, ẹ máa lóye ohun tí mò ń sọ nípa ọrùn yẹn.

Ìyá Dámi (Winston-Salem)

Ẹ kú ìjókòó o ẹ̀yin ọmọ mi. Mo rí i pé Pennsylvania lẹ gbájú mọ́, kò burú, ibẹ̀ ni orísun. Àwọn ará Jámánì tó wá tẹ̀dó síbẹ̀ ló kó ìbọn kúkúrú ilẹ̀ wọn wá, irin ẹ̀ kò ju nǹkan bí íǹṣì 30 lọ, ọta ẹ̀ tóbi. Bí wọ́n ṣe wọ inú igbó ibí ni wọ́n ń fà á gùn, tí wọ́n ń dín ọta ẹ̀ kù kí ẹtù àti òjé má bàa tètè tán lọ́nà jíjìn. Kentucky ni àwọn ọdẹ gbé e lọ tó fi gba orúkọ, Pennsylvania ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù.

Àmọ́ ọ̀nà kan wà tó yẹ ká máa rántí, Great Wagon Road. Láti Philadelphia ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba Lancaster àti York, ó kọjá Maryland, ó wọ àfonífojì Shenandoah ní Virginia, ó wá dé ọ̀dọ̀ wa ní North Carolina. Ọ̀nà yẹn ni àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn gbà wá. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí ìbọn Virginia tí igi ẹ̀ jọ ti Lancaster, ọmọ iṣẹ́ Lancaster ló kó lọ síbẹ̀. Ní Winchester, Simon Lauck lorúkọ tí ẹ máa máa gbọ́. Ní Salem níbí, àwọn Moravian náà ni, ìdílé Vogler ló gbajúmọ̀. Ní Jamestown ní Guilford, àwọn Quaker, ìjọ tí kì í jagun rárá, àwọn ló ń ṣe ìbọn ọdẹ, ìdílé Lamb wà lára wọn. Mùsíọ́ọ̀mù MESDA wà ní Old Salem, iṣẹ́ ọwọ́ apá gúúsù ni wọ́n kó jọ síbẹ̀, ẹ wá ẹ wá wò ó.

Ọmọ Ọdẹ (Knoxville)

Màmá ti ṣílẹ̀kùn fún mi. Ti àwọn òkè ibí, East Tennessee àti ìwọ̀ oòrùn North Carolina, kò ṣe é ṣì mọ̀ tí ẹ bá ti rí ọ̀kan rí. Ẹ máa gbàgbé idẹ. Irin dúdú tí alágbẹ̀dẹ fọwọ́ lù ni gbogbo ohun tó wà lára ẹ̀, irin tó yí tírígà ká, irin ìdí, ohun gbogbo. Irin tó so ìbọn mọ́ igi lẹ́yìn máa ń gùn, á gba ọrùn kọjá, nígbà míì á tiẹ̀ gun orí ìdí lọ. Patchbox, tó bá ní, irin tóóró tó tẹ̀ ni, banana ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ kò ní in, ihò kan péré ni wọ́n gbẹ́ sí ìdí ìbọn tí wọ́n ń fi ọ̀rá sí, èyí tí wọ́n á fi pa aṣọ tí wọ́n fi ń wé ọta. Igi walnut pọ̀ níbẹ̀. Ìdílé Bean làwọn èèyàn ń dárúkọ jù níbí, ìran dé ìran ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn kan máa ń fojú tálákà wo ìbọn yìí torí kò dán, inú mi kì í dùn sí i. Ẹni tó lù irin yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tó gbẹ́ igi, tó fa ìlà yíyí sínú irin, ọwọ́ kan ṣoṣo ló ṣe gbogbo ẹ̀, kí ló tún kù ká máa wá?

Títí Columbus (Ohio)

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Ohio kún un ní ṣókí. Ọ̀pọ̀ ti Ohio pẹ́ dé, káàpù ni wọ́n ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀, igi iwájú ẹ̀ kì í dé ẹnu ìbọn, ó máa ń dúró ní ìdajì. Irin àti lọ́ọ̀kù, rírà ni wọ́n sábà ń rà wọ́n ní ọjà, igi ni wọ́n ń gbẹ́. Tí ẹ bá rí German silver lára ìbọn, irin funfun yẹn tí kò sí fàdákà kankan nínú ẹ̀, ẹ máa ronú sí 1830 sókè.

Bedford County ní Pennsylvania tún wà, èmi fẹ́ràn tiwọn ju gbogbo ẹ̀ lọ. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ìdí wọn kò nípọn rárá, àwọn fúnra wọn sì máa ń ṣe lọ́ọ̀kù wọn, ó gùn, ó tín-ínrín, òòlù ẹ̀ nà sókè lọ́nà tó rẹwà. Ẹ wá fọ́tò iṣẹ́ Peter White, tí ẹ bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan ẹ ò ní í ṣì í mọ̀ mọ́ láé. New England náà ní tiwọn, igi cherry ni wọ́n fẹ́ràn, Silas Allen ní Shrewsbury, Massachusetts lẹ máa kọ́kọ́ bá pàdé.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ (Baltimore)

Adéṣínà o!! Mo yí i padà, mo tan tọ́ọ̀ṣì, ojú èèyàn wà níbẹ̀ lóòótọ́! Ìlà lásán ni wọ́n fi ṣe é, imú, ojú, àti nǹkan bí irun tàbí fìlà lórí. Ẹrẹ̀ àti òróró ti dí i, mi ò bá má rí i láé. Mo tún wo patchbox olódòdó yẹn dáadáa, síkúrù ẹ̀ dán ju ti ibi yòókù lọ, àyè tín-ínrín kan sì wà láàárín idẹ àti igi tí wọ́n fi nǹkan kan dí. Lórí irin, mo rí bí ẹni pé lẹ́tà kan wà níbẹ̀, àmọ́ ó ti parẹ́.

Adéṣínà (Bethlehem, PA)

Ẹ káre! Lehigh nìyẹn. Orí yẹn, àwọn kan ń pè é ní orí Liberty, àwọn míì ní orí Indian, àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn àdúgbò Allentown ló máa ń fín in sí abẹ́ ìbọn. Tí igi bá tẹ̀ bí ẹ ṣe sọ, tí orí sì wà lábẹ́ ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí òdòdó kankan sọ nǹkan míì fún yín.

Gbẹ́nàgbẹ́nà (Lancaster)

Mo fara mọ́ ọn. Patchbox yẹn, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ ni. Bóyá ti àkọ́kọ́ ló sọnù, bóyá ẹnì kan ló fẹ́ kó níye lórí sí i, ẹ ṣáà mọ̀ pé òdòdó daisy Lancaster máa ń tà dáadáa. Idẹ tí ọwọ́ àkọ́kọ́ tẹ̀ mọ́ igi, igi àti idẹ á ti jọ jẹ pọ̀, kì í sí àyè láàárín wọn.

Ẹ tún wo lọ́ọ̀kù yẹn. Láti bí 1820 lọ sókè ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìbọn olókùúta wọn padà sí ti káàpù torí òjò kì í dí i lọ́wọ́. Tí ẹ bá rí ihò síkúrù tí wọ́n ti dí lójú lọ́ọ̀kù níwájú, tàbí ibi tí wọ́n ti rẹ́ àwo kékeré tó ń gba ẹtù kúrò, olókùúta ni tẹ́lẹ̀. Kò bà á jẹ́ rárá, ìtàn ayé ẹ̀ ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kẹ́ ẹ dá a padà sí olókùúta, owó ni wọ́n fẹ́ gbà, wọ́n á sì pa ẹ̀rí rẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi rúlà wọn bí irin ìdí ìbọn ṣe fẹ̀ tó. Àwọn tó ti wà ṣáájú ogun òmìnira wọn, ìdí wọn máa ń tó íǹṣì 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì pẹlẹbẹ. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ló ń tín-ínrín tó sì ń tẹ̀ wọnú bí òṣùpá.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ (Baltimore)

Íǹṣì 1 àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó tẹ̀ wọnú díẹ̀. Ihò tí wọ́n dí wà lójú lọ́ọ̀kù bí ẹ ṣe wí. Ṣé mo lè mọ ẹni tó ṣe é báyìí? Ṣé kí n sì fi bírásò fọ idẹ ẹ̀ kí fọ́tò lè mọ́?

Gbẹ́nàgbẹ́nà (Lancaster)

Ẹ MÁ FỌ IDẸ O. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má fi sáńpépà kan igi, ẹ má kun ún ní fáníìṣì. Àwọ̀ dúdú ara ẹ̀ yẹn ló ń fi hàn pé ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn án. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu eruku, ó tán. Ẹ tún mọ̀ pé igi olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi kíkùn ṣe ìlà sí lára wà, Henry Leman tó bẹ̀rẹ̀ ní Lancaster ní 1834 ṣe bẹ́ẹ̀ púpọ̀, tí ẹ bá fi fáníìṣì kun irú ẹ̀ ẹ ti bà á jẹ́ pátápátá. Tiyín kì í ṣe ti Leman, mo kàn ń sọ fún àwọn tó ń kà ni.

Pẹ̀lú ìdí tó fẹ̀ tó ìyẹn, èmi á sọ pé ó ti lé ní 1790, kò sì ní í ju 1820 lọ.

Adéṣínà (Bethlehem, PA)

Ní ti orúkọ, a ò gbọdọ̀ dá a lé ẹnikẹ́ni lórí láìrí lẹ́tà yẹn. Peter Neihart, Herman Rupp, John Rupp, Jacob Kuntz kó tó kó lọ sí Philadelphia, gbogbo wọn ló ṣiṣẹ́ ní àdúgbò kan náà, igi wọn jọra. Ẹ ya fọ́tò òkè irin yẹn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì láti apá ọ̀tún, kí ẹ tún yà á láti apá òsì, lẹ́tà tó parẹ́ lápá kan lè yọ lápá kejì. Ẹ ya gbogbo gígùn ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kámẹ́rà kó dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀, ẹ má yà á láti òkè torí ìyẹn ń yí ìlà igi padà. Ẹ ya orí abẹ́ yẹn súnmọ́ dáadáa, torí orí ọ̀gá kan kò jọ ti èkejì, ibẹ̀ ni a ti lè rí nǹkan dì mú. Ẹ kó wọn lọ fún àwọn tó ń bójú tó Pennsylvania Longrifle Museum ní Jacobsburg nítòsí Nazareth, àwọn ló ń rí irú ẹ̀ lójoojúmọ́.

Tí lẹ́tà bá yọ, ẹ wá orúkọ tó bá a mu nínú ìwé owó orí àtijọ́, wọ́n máa ń kọ iṣẹ́ ẹni síbẹ̀, ẹ máa rí gunsmith lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ. Àmọ́ ẹ kíyè sí i, 1812 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ Lehigh jáde lára Northampton. Ohun tó bá ti ṣáájú 1812, ìwé Northampton ní Easton ni kí ẹ wá a sí, ẹ ò ní í rí i ní Allentown.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ (Baltimore)

Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bá mi san án fún gbogbo yín. Ọjọ́ Sátidé mo máa ya fọ́tò gbogbo ẹ̀ ní ìta nínú ìmọ́lẹ̀, mo máa gbé e síbí. Ẹ bá mi wo lẹ́tà yẹn, lójú mi ó jọ N tàbí H.